Ọkọ̀ Ọ̀nà Oko: Ìtàn Epo, Ẹrù àti Yíyan Ọkọ̀ ní Ilẹ̀ Yorùbá

Bí àwọn òpìtàn bá ń sọ̀rọ̀ nípa ìrìnnà ní ilẹ̀ Yorùbá, ojú irin tó ti Èkó lọ sí Ìbàdàn àti àwọn ọ̀nà ọ̀dà tó so ìlú ńlá pọ̀ mọ́ra ni wọ́n sábà máa ń tẹnu mọ́, bẹ́ẹ̀ sì ni ibi tí ìnáwó ti pọ̀ jù, tí ọkọ̀ sì ti ń bàjẹ́ jù, ni ọ̀nà kúkúrú tó wà láàárín abà àgbẹ̀ àti ìlú tí wọ́n ti ń ra irè oko. Ọ̀nà oko, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe lò ó nínú àròkọ yìí, ni ọ̀nà tí wọn kò da ọ̀dà sí, tó jẹ́ erùpẹ̀ tàbí yangí, tí àgbàrá ń wọ́ lọ́dọọdún, tí afárá onígi kan tàbí méjì sì máa ń wà lórí rẹ̀. Lórí irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀, iye kìlómítà tí ọkọ̀ ń fi lítà epo kan rìn kò tó láti fi dá ọkọ̀ tí kò jẹ epo mọ̀, nítorí pé ohun tí àgbẹ̀, awakọ̀ àti oníṣòwò ń ṣírò ni iye àpò tó dé ọjà lórí epo náà, àti iye tí wọn yóò tún kó fún mẹkáníìkì lẹ́yìn náà. Ìṣirò yìí ló ń darí bí ọkọ̀ kan ṣe ń gba ipò òmíràn lójú ọ̀nà oko láti nǹkan bí 1906, owó epo fúnra rẹ̀ kò sì di olórí ọ̀rọ̀ àfi nígbà ogun àgbáyé kejì àti láti 1986 wá.

Kí mọ́tò tó dé, orí ènìyàn ni ọkọ̀. Ẹṣin wà lọ́wọ́ àwọn ọba àti àwọn ológun, pàápàá ní Ọ̀yọ́ àtijọ́ tó wà ní ilẹ̀ ọ̀dàn, ṣùgbọ́n nínú igbó ìhà gúúsù, eṣinṣin tsetse, tó máa ń gbé àìsàn tí ń pa ẹran ọ̀sìn kiri, kò jẹ́ kí ẹṣin, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tàbí màlúù tí ìbá máa fa kẹ̀kẹ́ ẹrù pẹ́ láyé. Alááárù, ìyẹn ẹni tó ń fi orí ru ẹrù gba owó, a máa gbé nǹkan bí kílò 27, a sì máa rin nǹkan bí kìlómítà 25 lóòjọ́. Oúnjẹ tó ń jẹ ló dúró fún epo. Nítorí náà, ẹrù tó wúwo tí kò sì níye lórí púpọ̀, irú bí èkùrọ́, kì í lè ti ọ̀nà jíjìn wá sí etí omi kí èrè sì kù nínú rẹ̀, torí bí ọ̀nà bá ṣe ń gùn sí i ni ohun tí alááárù jẹ lójú ọ̀nà ń gbé èrè náà mì.

Ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ojú irin láti Èkó ní 1896. Ó dé Ìbàdàn ní ìparí ọdún 1900, wọ́n sì ṣí i ní oṣù kẹta ọdún 1901. Ó dé Òṣogbo ní 1907, ó sì dé Ìlọrin ní 1908. Nígbà tí owó púpọ̀ ti rì sórí irin, ìjọba kò fẹ́ ọ̀nà mọ́tò tí yóò bá a du ẹrù, àfi èyí tí yóò máa kó ẹrù wá bá a ní ibùdókọ̀ rẹ̀. Irú rẹ̀ ni ọ̀nà Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́, tí wọ́n ṣí fún mọ́tò ní 1906, tí wọ́n sì máa ń kà sí ọ̀nà mọ́tò àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Nítorí pé ìránṣẹ́ ojú irin ni wọ́n ka irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ sí, wọn kò náwó púpọ̀ lé e: ó tóóró, erùpẹ̀ ni ojú rẹ̀, afárá rẹ̀ kò sì lágbára. Àwọn tó ṣe ètò yìí kò ronú nípa irú ọkọ̀ tí ènìyàn yóò máa rà, síbẹ̀ àwọn ló yan ọkọ̀ fún àwọn tó dé lẹ́yìn wọn, torí pé ọkọ̀ fúyẹ́fúyẹ́ nìkan ni irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ lè gbà láìfọ́.

Kẹ̀kẹ́ ológeere ló kọ́kọ́ jàǹfààní, ìtàn rẹ̀ sì ní ìdí mìíràn tó fi yẹ ní mímẹ́nu bà. Lẹ́yìn tí Dunlop ti ṣe táyà tí afẹ́fẹ́ ń wà nínú rẹ̀ jáde ní 1888, tí gbogbo ilẹ̀ Yúróòpù sì ń sáré ra kẹ̀kẹ́, igi ìrẹ́ inú igbó Yorùbá wà lára ibi tí wọ́n ti rí rọ́bà. Ní 1895, rọ́bà tó jáde láti Èkó ju mílíọ̀nù 5 pọ́n-ùn lọ, ìyẹn ju 2,000 tọ́ọ̀nù lọ. Wọ́n kọ igi náà lára títí ọ̀pọ̀ nínú wọn fi kú, òwò náà sì ti wọmi kí ọgọ́rùn-ún ọdún náà tó parí, ṣùgbọ́n nígbà tí owó kòkó bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, àgbẹ̀ tí bàbá rẹ̀ gbẹ́ ìrẹ́ tà lè fi owó rẹ̀ ra kẹ̀kẹ́ Raleigh tí wọ́n ṣe ní Nottingham. Kẹ̀kẹ́ kò jẹ epo kankan, ó ń gba ojú ẹsẹ̀, ó sì lè ru àpò kòkó kan tí ènìyàn bá ń tì í lọ, ohun tí alááárù kan kò lè gbé. Ó ṣòro láti rí ọkọ̀ mìíràn nínú ìtàn yìí tí ìná rẹ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn ogun 1914 sí 1918 ni mọ́tò akẹ́rù wọ inú oko gan-an, ọkọ̀ Amẹ́ríkà ló sì ṣáájú. Ford Model T, tó jáde ní oṣù kẹwàá ọdún 1908, tí wọ́n sì ti ṣe ju mílíọ̀nù 15 lọ kí wọ́n tó dá a dúró ní 1927, jẹ́ ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún àgbẹ̀ Amẹ́ríkà tí ọ̀nà tirẹ̀ náà kò sunwọ̀n. Ikùn rẹ̀ ga kúrò nílẹ̀ tó nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 25, irin tó fúyẹ́ tó sì le ni wọ́n fi ṣe é, sípíríǹgì kan ṣoṣo tí wọ́n fi dábùú sórí ọ̀pá táyà iwájú, àti òmíràn sẹ́yìn, ló sì ń jẹ́ kí táyà kan lè gun òkìtì kí èkejì wà nínú kòtò láìlọ́ egungun ọkọ̀ náà. Ẹ́ńjìnì rẹ̀ jẹ́ lítà 2.9, agbára rẹ̀ kò sì ju ti ẹṣin 20 lọ. Ó ń jó lítà 11 sí 18 fún kìlómítà 100. Kò ní ẹ̀rọ tó ń fa epo: epo ń ṣàn wá láti inú táǹkì nítorí pé táǹkì ga ju ẹ́ńjìnì lọ, nítorí náà bí epo bá ti lọ sílẹ̀, ẹni tó fẹ́ gun òkè líle ní láti yí ọkọ̀ padà kó fi ẹ̀yìn gùn ún. Ọkọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò lè bá a díje ní ilẹ̀ amúnisìn, torí pé owó orí tí wọ́n ń gbà lórí ọkọ̀ ní ilẹ̀ wọn tẹ̀lé bí ojú sílíńdà, ìyẹn ihò tí ìjóná ti ń ṣẹlẹ̀ nínú ẹ́ńjìnì, bá ṣe fẹ̀ tó, èyí sì mú kí àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ níbẹ̀ máa ṣe ẹ́ńjìnì tóóró fún ọ̀nà dídán. Bí lọ́rì kékeré tó ń ru tọ́ọ̀nù kan ààbọ̀ bá jáde láti oko, iṣẹ́ alááárù bí 55 ló ṣe, bó sì ti wù kó jẹ epo tó, kò jẹ tó oúnjẹ ènìyàn 55.

Àwọn ọmọ Yorùbá kò pẹ́ rárá kí wọ́n tó mọ èrè tó wà nídìí èyí. Ní Èkó, William Akinola Dawodu ń tún mọ́tò ṣe, ó sì ń kó wọn wọlé tà. Ní Ìbàdàn, Salami Agbájé, oníṣòwò ńlá tó wà lára àwọn ará ìlú náà tó kọ́kọ́ ní mọ́tò, fi ọkọ̀ akẹ́rù kún òwò rẹ̀. Ní àwọn ọdún 1930, lọ́rì wọn kò dúró sí ẹnu iṣẹ́ tí ìjọba yàn fún un mọ́, ó ń gbé kòkó láti abà lọ tààrà sí Èkó láìyà ní ibùdókọ̀ ojú irin, torí náà ni ìjọba ṣe fi owó ìwé àṣẹ lé ọkọ̀ tó ń bá irin díje lórí. Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, tó ń ra irè oko tó sì ní lọ́rì nígbà náà, jẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn ọlọ́kọ̀ tó tako owó yìí. Ẹ̀rí pé lọ́rì ti borí ni ìjà náà jẹ́. Bí kò bá jẹ́ pé lọ́rì ń gbé àpò kòkó lówó pọ́ọ́kú, kí ni irin yóò máa bẹ̀rù?

Ogun àgbáyé kejì ló kọ́kọ́ sọ epo di ohun ìpín ní ilẹ̀ yìí. Láti 1939 ni ìjọba ti ń fi ìwọ̀n tà á, nígbà tí àwọn ará Japan sì gba Malaya ní 1942, tí rọ́bà wọ́n káàkiri ayé, táyà di ohun tí owó nìkan kò lè rà, wọ́n sì tún padà sínú igbó lọ gbẹ́ rọ́bà. Àwọn ọlọ́kọ̀ dín ìrìn àjò kù, wọn kì í gbéra bí ọkọ̀ kò bá kún. Kẹ̀kẹ́ àti alááárù padà sẹ́nu iṣẹ́. Àṣà kí ọkọ̀ kún kó tó gbéra, tí àwọn àlejò máa ń ráhùn sí títí di òní, kì í ṣe ìwà ọ̀lẹ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò rọrùn fún ẹni tó jókòó láti òwúrọ̀. Òun ni ọ̀nà tó dájú jù lọ láti dín epo tó ń bọ́ sórí ẹrù kọ̀ọ̀kan kù, kò sì sí ẹ̀rọ tó lè ṣe é dára jù ú lọ.

Láti òpin ogun títí di àwọn ọdún 1970 ni ìgbà bọ́lẹ̀kájà, ìyẹn lọ́rì onípákó tó ń kó èrò àti ẹrù. Bedford, tí wọ́n ń ṣe ní Luton láti 1931, ni orúkọ tó gbajúmọ̀ jù lára wọn, Austin àti Commer sì wà pẹ̀lú rẹ̀. Ṣáásì, ìyẹn egungun irin tí ẹ́ńjìnì àti táyà so mọ́, nìkan ni wọ́n ń kó wọlé. Káfíńtà ìbílẹ̀ ló ń kan ara rẹ̀ láti inú pákó, ó ń gbé àga onígi sínú rẹ̀ tí wọ́n lè kó kúrò bí ẹrù bá pọ̀, akọ̀wé-ara-ọkọ̀ a sì fi ọ̀dà aláràbarà kọ òwe tàbí àdúrà síwájú rẹ̀. Ọgbọ́n kan wà nínú pákó yìí tí ẹwà ìkọ̀wé ara rẹ̀ máa ń bò mọ́lẹ̀: bí igi bá gún un tàbí bó bá dojú dé, káfíńtà abúlé lè tún un ṣe, ọkọ̀ náà kò sì ní láti padà sí ìlú ńlá. Àpò kòkó 16 ló ń lọ sí tọ́ọ̀nù kan, nítorí náà lọ́rì tọ́ọ̀nù 5 a máa kó nǹkan bí àpò 80. Nígbà tí ẹ́ńjìnì dísẹ́ẹ̀lì gba ipò ti bẹntiróòlù nínú àwọn ọkọ̀ ńlá, títí dé orí Mercedes 911, ìná tún dín kù sí i, nítorí pé dísẹ́ẹ̀lì ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀ gidigidi kí epo tó gbiná, agbára tó ń rí láti inú lítà kan sì ju ti bẹntiróòlù lọ. Awakọ̀ tí owó ń ká mọ́ lára tún ní ọgbọ́n tirẹ̀: bó bá dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè, a yọ jíà, ọkọ̀ a sì máa yí lọ fúnra rẹ̀. Epo díẹ̀ ló ń tọ́jú báyìí, ṣùgbọ́n ó sọ ẹ́ńjìnì tó yẹ kó máa dá ọkọ̀ dúró di aláìwúlò, ó kó gbogbo ìwúwo ẹrù lé bíréèkì lórí, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ sì ti bá irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ lọ sínú odò.

Land Rover, tó jáde ní 1948, kò kan òwò púpọ̀. Ó ń wọ ibi tí ọkọ̀ mìíràn kò lè wọ̀ torí pé ẹ́ńjìnì ń yí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ṣùgbọ́n ìjọba, àwọn oníṣẹ́ àgbẹ̀ ìjọba àti àwọn ilé ìwòsàn ìjọ ló ń rà á, àwọn tí kì í san owó epo láti inú àpò ara wọn.

Ọ̀rọ̀ yàtọ̀ pátápátá lórí Volkswagen tí àwọn ènìyàn ń pè ní Ìjàpá àti lórí Peugeot, torí pé wọ́n yanjú ìṣòro ọ̀nà oko láìlo ẹ̀rọ táyà mẹ́rin. Ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnì Ìjàpá wà, ó gúnwà sórí táyà tó ń wa ọkọ̀, nítorí náà ó ń di ilẹ̀ mú nínú ẹrẹ̀ bí kò tilẹ̀ ru nǹkan kan. Afẹ́fẹ́ ló ń tu ẹ́ńjìnì náà lára. Kò ní radiétọ̀ tí òkúta lè lù jò, kò sì sí omi tó ń tán lójú ọ̀nà. Ní oṣù kẹta ọdún 1975, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to Volkswagen ní Ọ̀jọ́ ní Èkó, ọ̀kan lára àwọn tí wọ́n ń tò níbẹ̀, tí wọ́n pè ní Igala, sì jẹ́ ọkọ̀ tí àwọn ará Brazil ń pè ní Brasília, tí àwọn ẹ̀yà rẹ̀ wá láti Brazil nínú àpótí.

Ní oṣù kan náà ni iléeṣẹ́ Peugeot ní Kàdúná ṣí. Pijó 404 ti jáde láti 1960, ó ti gba ìdíje Safari ní Ìlà Oòrùn Áfíríkà ní 1963 àti láti 1966 sí 1968. 504 tó tẹ̀lé e ní 1968 gbà á ní 1975 àti 1978. Ohun tó jẹ́ kí 504 borí ni ẹsẹ̀ rẹ̀, bí àwọn mẹkáníìkì ṣe ń pe àpapọ̀ sípíríǹgì, ṣọ́ọ̀kì àti àwọn apá irin tó gbé táyà dúró: ó gùn, ó rọ̀, táyà sì lè wọ inú kòtò jíjìn kó tún jáde láìjẹ́ pé ara ọkọ̀ mì púpọ̀. Ibí ni ọ̀rọ̀ epo ti farasin. Lójú ọ̀nà oko, ohun tó ń jẹ epo jù ni bí awakọ̀ ṣe ń tẹ bíréèkì kó tó dé kòtò, tó sì tún ń ti ọkọ̀ pẹ̀lú gbogbo ẹrù rẹ̀ síwájú lẹ́yìn kòtò náà nínú jíà kejì, nígbà tí ẹ́ńjìnì ń yí púpọ̀ tí ọkọ̀ kò sì rìn jìnnà. Ọkọ̀ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ rọ̀ kò nílò kó dúró fún gbogbo kòtò, nítorí náà 504 tí ìwé fi hàn pé ó ń jẹ epo ju ọkọ̀ kékeré lọ lè jẹ kéré sí i láti Ìfẹ́tẹ̀dó dé Ilé-Ifẹ̀. Táyà ẹ̀yìn ló sì ń wà á: bí ẹrù bá ti pọ̀ tó lẹ́yìn ni ó ṣe ń di ilẹ̀ mú tó, pàápàá nígbà tó bá ń gun òkè, ibi tí àwọn ọkọ̀ tí táyà iwájú wọn ń wa ọkọ̀ ti máa ń yọ̀, torí ẹrù ń gbé iwájú wọn sókè. Ẹ̀dà rẹ̀ tí ara rẹ̀ gùn di takisí láàárín ìlú sí ìlú, píkọ́ọ̀pù rẹ̀ sì di ẹrú abà.

Ìgbà Pijó bọ́ sí àkókò tí epo kò já mọ́ nǹkan kan. Wọ́n ti rí epo rọ̀bì ní Oloibiri ní 1956; ilé ìfọpo àkọ́kọ́ ṣí lẹ́bàá Port Harcourt ní 1965; lítà bẹntiróòlù kan jẹ́ kọ́bọ̀ 15.3 ní 1978 àti kọ́bọ̀ 20 ní 1982. Òótọ́ ni pé owó tí ìjọba kéde kì í dé abúlé, níbi tí wọ́n ti ń ta epo nínú kẹ́ẹ̀gì àti ìgò pẹ̀lú èlé, síbẹ̀ ẹni tó ń ra ọkọ̀ nígbà náà kì í béèrè iye epo tó ń jẹ. Ohun tó ń béèrè ni bóyá ẹ̀yà rẹ̀ wà ní ọjà, àti bóyá mẹkáníìkì abúlé mọ̀ ọ́n.

Ọdún 1986 fọ́ ìfọ̀kànbalẹ̀ yìí. Ìjọba Babangida gbé owó epo lọ sí kọ́bọ̀ 39.5, náírà sì já lulẹ̀ lábẹ́ ètò àtúntò ọrọ̀ ajé, débi pé Pijó tuntun kúrò ní ohun tí àgbẹ̀ tàbí olùkọ́ lè rà. Ọkọ̀ tòkunbọ̀ láti Yúróòpù, tí púpọ̀ nínú wọn gba Kútọnu wọlé, ló kún ààyè rẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì jẹ́ ti táyà iwájú, tí ikùn wọn súnmọ́ ilẹ̀. Ní ọdún kan náà ni ìjọba dá àjọ DFRRI sílẹ̀ fún oúnjẹ, ọ̀nà àti ohun amáyédẹrùn ìgbèríko, tó fẹ́ ṣe 60,000 kìlómítà ọ̀nà oko. Ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n ṣe jẹ́ yangí tí kò ní gọ́tà, òjò ọdún mélòó kan sì ti wọ́ ọ lọ.

Alùpùpù ló jogún oko. Iléeṣẹ́ Honda ti wà ní Ọ̀tà láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, lẹ́yìn náà ni ti Ṣáínà wọlé, kí Bajaj Boxer ti Íńdíà tó borí gbogbo wọn. Àwọn ènìyàn máa ń sọ pé kò jẹ epo, ṣùgbọ́n ó yẹ kí a yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò. Bí alùpùpù bá jó lítà méjì ààbọ̀ fún kìlómítà 100 pẹ̀lú àpò kòkó méjì, lítà 1.25 ló bọ́ sórí àpò kan. Bí píkọ́ọ̀pù 504 bá jó lítà 12 pẹ̀lú àpò 16, lítà 0.75 péré ló bọ́ sórí tirẹ̀. Píkọ́ọ̀pù ló ń tọ́jú epo, àyàfi bí àpò inú rẹ̀ kò bá tó 10, ibẹ̀ sì ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà, torí pé oko kòkó ti àgbẹ̀ kan sábà máa ń kéré, kì í kó àpò 10 jáde lẹ́ẹ̀kan náà, bẹ́ẹ̀ ni kì í lè dúró kí aládùúgbò rẹ̀ fi kún un nígbà tí owó ilé ìwé bá ti tó san. Alùpùpù ń gba ojú ẹsẹ̀ dé abẹ́ igi kòkó, kì í dúró de afárá, ẹnì kan sì lè fi òkúta méjì àti spánà tún un ṣe.

Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023, Ààrẹ Tinubu kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, lítà bẹntiróòlù sì fò láti nǹkan bí náírà 190 sí ju 480 lọ láàárín ọjọ́ díẹ̀, ó sì kọjá 600 ní oṣù keje. Ọ̀rọ̀ náà kò mọ ní Nàìjíríà. Ní Kétu, Pobè àti Sakété ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń ta epo fàyàwọ́ Nàìjíríà tí wọ́n ń pè ní kpayo nínú ìgò lẹ́bàá ọ̀nà, owó rẹ̀ fò pẹ̀lú, ìpinnu Àbújá sì wọ àpò àwọn ọlọ́kadà tí wọn kò dìbò ní Nàìjíríà rí. Bí a bá fi náírà 600 ṣírò ọ̀nà oko kìlómítà 10, epo tó bọ́ sórí àpò kòkó kan jẹ́ náírà 75 lórí alùpùpù, náírà 45 nínú píkọ́ọ̀pù tó kún, àti náírà 180 nínú píkọ́ọ̀pù tí àpò mẹ́rin péré wà nínú rẹ̀. Náírà 30 tí àgbẹ̀ ìbá fi píkọ́ọ̀pù kíkún tọ́jú lórí àpò kan kò tó owó tí yóò fi jẹun bó bá dúró dè é di ọjọ́ kejì.